Kérésìmesì ní Ìlú Ọba: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìwé kíkà. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣọdún Kérésìmesì ní ilẹ̀ yìí, mo sì rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn. Ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé, ta ni kò mọ Kérésì? Òótọ́ ni. Ẹni tó bá dàgbà sílẹ̀ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ó mọ Kérésì. Ti àwọn ará ibí ni ẹ kò tíì mọ̀, kò sì sí ẹni tó máa pè yín jókòó láti ṣàlàyé rẹ̀, nítorí lójú tiwọn, bó ṣe yẹ kó rí náà ló rí.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé pé ọdún inú ilé ni Kérésìmesì níbí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún a máa já síta. Ẹni tó se oúnjẹ ọdún mọ̀ pé ẹni tí òun kò pè yóò jẹ níbẹ̀. Níbí, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Disẹ́mbà, kálukú á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Àwọn tí yóò jọ jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ kejì ti mọ ara wọn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ti ka àga, wọ́n sì ti ra tòlótòló níwọ̀n ẹnu tó máa jẹ ẹ́. Kò sí aládùúgbò tó máa kanlẹ̀kùn yín láàárọ̀ pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Kì í ṣe ìkórìíra. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òyìnbó ẹgbẹ́ wọn tó ń gbé ilé kejì náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí ìpè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún yóò retí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú: ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù lásìkò yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ àwọn tó pè mí pé kí wọ́n fi ìpàdé yìí sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tẹ nǹkan.

Ariwo tó ń ṣáájú ọjọ́ náà ló ń tan àlejò jẹ. Láti Nòfẹ́ńbà ni wọ́n ti ń ta iná àwọ̀ mèremère sójú títì, orin Kérésì á máa dún ní gbogbo ìsọ̀, ọjà Kérésì á dìde láàárín ìlú. Igi ńlá kan wà ní Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìlú Oslo ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947, láti fi dúpẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ilẹ̀ yìí ṣe fún wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ Disẹ́mbà ni wọ́n ń tan iná rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wíwò. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù a máa fi igi náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó rù, pé ẹ̀ka rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ lọ wò ó. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí yóò rò pé tí ìta bá kún báyìí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25? Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé títì á dá páropáro. Kí ọjọ́ yẹn tó dé ni wọ́n ti ṣe ti ìta tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ńkọ́? Nínú ìkànìyàn ọdún 2021 ní England àti Wales, àwọn tó pe ara wọn ní Kristẹni kò tó ìdajì: 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó kù ń gbé igi kalẹ̀, wọ́n ń pín ẹ̀bùn, wọ́n ń jẹ tòlótòló. Nítorí náà, ẹ̀yin Mùsùlùmí, bí ẹnì kan bá pè yín wá jẹun lọ́jọ́ Kérésì, kì í ṣe pé ó fẹ́ yí yín lẹ́sìn padà. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti sàmì fún un. Ẹ̀yin Kristẹni náà, ẹ má retí àdúrà gígùn kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ àwọn tó mọ àdúrà gbà gan-an nínú yín. Ẹ dákun, bí onílé kò bá ní kí ẹ gbà á, ẹ gbà á sínú.

Ẹni tó bá fẹ́ ìsìn gidi kò ní ṣàìrí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe ìsìn orin Kérésì tí wọ́n ń pè ní carol service jálẹ̀ Disẹ́mbà, òmíràn a sì máa ṣe ìsìn ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 24. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni ti King's College ní Cambridge. Ìlú Truro ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1880, Cambridge gbà á ní 1918, rédíò BBC sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́ ní 1928. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ń dá ẹsẹ àkọ́kọ́ kọ láìsí dùùrù. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè lọ, ẹ tan rédíò ní ọ̀sán ọjọ́ 24. Ní tèmi, kò sí ohun tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ọdún wọn.

Wọ́n á sọ fún yín pé àṣà àtayébáyé ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ẹ rọra gbà wọ́n gbọ́. Ní 1647, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ England fi òfin gbẹ́sẹ̀ lé ọdún Kérésì pátápátá, nítorí àwọn ẹlẹ́sìn tó wà nípò ní kò sí nínú Bíbélì, wọ́n ní ọtí àti ìjẹkújẹ lásán ni. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Canterbury lọ́dún náà nítorí rẹ̀. Ìgbà tí Ọba Charles Kejì gorí ìtẹ́ ní 1660 ni ọdún náà tó bọ́ lọ́wọ́ òfin. Èyí tí ẹ ń wò lónìí sì tún kéré lọ́jọ́ orí ju ìyẹn lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni igi ti wá: Charlotte, ìyàwó Ọba George Kẹta, gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní Windsor ní 1800, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwé ìròyìn Illustrated London News gbé àwòrán Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ Albert jáde ní 1848, tí wọ́n kó àwọn ọmọ yí igi ká, ni gbogbo ìlú tó fẹ́ ṣe bí ọba. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìyẹn, ní 1843, ni Henry Cole ní kí wọ́n ya káàdì Kérésì àkọ́kọ́ fún òun; owó lẹ́tà ti wálẹ̀ di kọ́bọ̀ kan láti 1840, ó ti rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti kọ̀wé síra wọn. Láàárín àkókò kan náà ni Tom Smith, tó ń ta súìtì ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í ta cracker, ìdì bébà tí ẹni méjì ń fà kó lè dún pà. Ẹ wo àwòrán 1848 yẹn dáadáa: bàbá, ìyá, ọmọ, igi, inú yàrá. Kò sí àlejò níbẹ̀. Irú Kérésì tí wọ́n jogún nìyẹn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn nǹkan kéékèèké máa ń ṣẹlẹ̀ níléèwé àti níbi iṣẹ́. Wọ́n lè ní kí ẹ dá sí Secret Santa: ẹ ó mú orúkọ ẹnì kan nínú fìlà, ẹ ó ra ẹ̀bùn fún un láìjẹ́ kó mọ̀. Wọ́n á dá iye owó, pọ́n-ùn márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní márùn-ún, ẹ má ra ti ogún; ẹ ó kàn dójú ti ẹni yòókù ni. Ọjọ́ kan wà tí ẹgbẹ́ Save the Children dá sílẹ̀ ní 2012, tí àwọn ènìyàn ń wọ súwẹ́tà Kérésì tí kò dára rárá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á sì dá owó díẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Àìdára súwẹ́tà yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ má ná owó rẹpẹtẹ lé e lórí. Ẹ lè kọ káàdì sí àwọn tí ẹ jọ ń gbé àti sí olùkọ́ yín. Káàdì tó. Ẹ má gbé aago olówó iyebíye fún olùkọ́ tó máa fún yín ní máàkì, ohun tí ẹ pè ní ọpẹ́ lè dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lójú òfin ilé ìwé.

Bí ẹ bá rí owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wo panto. Eré orí ìtàgé ni, ọkùnrin ló ń ṣe ìyá arúgbó níbẹ̀, àwọn òǹwòran sì gbọ́dọ̀ pariwo. Bí ẹni burúkú bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn akọni, gbogbo ilé á kígbe pé ó wà lẹ́yìn rẹ. Òyìnbó tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ló ń lọgun yẹn.

Ó wá kù bí ènìyàn ṣe ń rí ìpè gbà, ibí yìí gan-an ni ìwà ọmọlúàbí wa ti máa ń ṣàkóbá fún wa. Bó bá ti di Disẹ́mbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò bi yín pé kí ni ẹ máa ṣe ní Kérésì. Ẹ ó rò pé ìkíni lásán ni, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, onítọ̀hún ń wádìí bóyá ẹ ó dá wà ni, kó lè pè yín. Kí ni àwa máa ń dáhùn? "Kò séwu, mo wà pa." Ó ti tán. Ó ti gbà pé ẹ ní ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún un: yàrá mi ni mo máa wà, n kò tíì ní ètò kankan. Kì í ṣe agbe.

Bó bá sì pè yín, ẹ má kọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n lè ní kí o jẹun, o ní o ti yó, wọ́n á tún ní kí o jẹun, nígbà kẹta o ó wá fọ ọwọ́. Níbí, bí ẹ bá ní ẹ ò jẹ, wọn ò ní fún yín jẹ. Lójú tiwọn, títẹnu mọ́ ọn lẹ́yìn tí ènìyàn ti kọ̀ ni àìmọ̀wà. Ẹ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kó lè ka àga rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí ẹ lè mú dání. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ mú súìtì ṣokoléètì tàbí òdòdó lọ bákan náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń ro kúlà ìrẹsì. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e, nítorí ọwọ́ onílé ti há mọ́ oúnjẹ tirẹ̀ láti ìdájí. Tó bá ní ẹ gbé e wá, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ má mú ọ̀rẹ́ kankan dání tí wọn kò pè. Ẹ sọ ohun tí ẹ kì í jẹ tẹ́lẹ̀, kí ẹ má dúró di orí tábìlì, pàápàá ẹ̀yin Mùsùlùmí. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní pigs in blankets, sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ wé ni. Wọ́n máa ń tò ó ti tòlótòló nínú àwo kan náà. Stuffing tí wọ́n fi búrẹ́dì rírún àti àlùbọ́sà ṣe lè ní sọ́séèjì nínú. Ọtí sábà máa ń wà nínú Christmas pudding, wọ́n tún lè da brandy sí i lórí kí wọ́n tó ṣáná sí i, kí iná aláwọ̀ búlúù máa jó lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé. Mince pie ní tirẹ̀ kò ní ẹran mọ́ bíi ti àtijọ́, èso gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ọ̀rá màlúù pò ó. Ẹ béèrè. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé oúnjẹ náà kò ta lẹ́nu. Ata kò sí níbẹ̀ rárá. Pòtétò yíyan ló máa gbà yín, òun ló dùn jù nínú àwo yẹn. Ewébẹ̀ roboto tí wọ́n ń pè ní Brussels sprouts, àwọn fúnra wọn ń ráhùn nípa rẹ̀ lọ́dọọdún, wọn ò sì jẹ́ fi í sílẹ̀. Kí ẹ tó jẹun, ẹni tó jókòó tì yín á na cracker sí yín. Ẹ di orí kejì mú, kí ẹ fà á. Á dún pà, fìlà bébà á jábọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ kan tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ẹ dé fìlà náà. Ẹni tí kò bá dé e ni gbogbo ènìyàn máa wò.

Bí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀bùn, ẹ tú u níwájú wọn, kí ẹ fi ayọ̀ hàn. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ilé mìíràn á tan tẹlifíṣọ̀n láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba. Ọba George Karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí rédíò ní 1932. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 1957. Ọba Charles Kẹta sọ tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2022. Ilé mìíràn kò bìkítà fún ọba, oorun ni wọ́n ń sùn lórí àga. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́ ká rìn lọ síta díẹ̀, ẹ wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ọpẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún tí à ń dúpẹ́ nílé náà ni, ẹ ò ní ṣàìmọ̀ ọ́n ṣe.

Báwo ni ẹ ṣe máa dé ibẹ̀? Ìbéèrè yẹn ti ba Kérésì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ní ọjọ́ 25, ọkọ̀ ojú irin kò sí. Underground, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì kò sí. Ọjọ́ 26 náà, ọkọ̀ ojú irin kò pọ̀, wọ́n sì máa ń fi ọjọ́ wọ̀nyẹn tún ojú irin ṣe. Nítorí náà, kí ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ ní ọjọ́ 24, tàbí kí ẹ bá ẹni tó pè yín sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ bóyá ó lè fi ọkọ̀ gbé yín. Ẹni tí bàálù rẹ̀ máa balẹ̀ ní ọjọ́ 25, kó tún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Òfin ọdún 2004 kan kò gba ìsọ̀ tí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá ju mítà onígun-mẹ́rin 280 lọ láyè láti ṣí lọ́jọ́ náà ní England àti Wales. Ẹ ra oúnjẹ yín kí ọjọ́ 24 tó dé. Ọjọ́ 26 ni Boxing Day. Láyé àtijọ́, ọjọ́ tí àwọn olówó ń fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn tó ń gbé nǹkan wá sílé wọn ní ẹ̀bùn ni. Lóde òní, bọ́ọ̀lù àti ọjà ẹ̀dínwó ni. Ìsinmi ni ọjọ́ méjèèjì, bí wọ́n bá sì bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn rọ́pò wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ẹ tètè gbà á. Ilé ìwòsàn dókítà àdúgbò yóò ti ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà 111 ti NHS, ètò ìlera ìjọba, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, 999 sì wà fún ewu gidi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ìsinmi yìí wá owó, ẹ ka ìwé físà yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ipele dígírì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí táàmù ń lọ, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ kún ọjọ́ nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé ìwé kọ sílẹ̀ pé ìsinmi bẹ̀rẹ̀ ni òfin mọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí kíláàsì yín parí. Ẹni tó ń ṣe PhD, kó béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé rẹ̀ kó tó gba iṣẹ́.

Bí ìpè kò bá dé ńkọ́? Ẹ pè ara yín. Èmi ò rí ìdí tí ọmọ Yorùbá méje á fi wà nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, tí kálukú á máa dá jẹ búrẹ́dì nínú yàrá rẹ̀. Ẹ kó owó jọ, ẹ se oúnjẹ, ẹ pe ará Íńdíà àti ará Ṣáínà tó wà ní òkè yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn tí kò relé, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ààyè tó kún. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ Crisis máa ń bọ́ àwọn aláìnílé lásìkò Kérésì, wọ́n sì ń gba olùyọ̀ǹda, ẹ tètè kọ̀wé sí wọn. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá wúwo, nọ́ńbà àwọn Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ìbànújẹ́ bá, ni 116 123, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbé e ní ọjọ́ Kérésì pàápàá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Scotland, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de Kérésì láti 1640, ó sì di 1958 kí ọjọ́ 25 Disẹ́mbà tó di ìsinmi fún gbogbo ènìyàn. Òru ọjọ́ 31 Disẹ́mbà tí wọ́n ń pè ní Hogmanay ni wọ́n wá gbájú mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń lọ sílé ara wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn agogo méjìlá òru ló ń mú oríire ọdún wá, ó sì dára kó jẹ́ ọkùnrin onírun dúdú, kó mú èédú, bísíkíìtì tàbí wisikí dání. Ẹ̀yin ọkùnrin, irun yín ti yege láìjókòó ìdánwò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo ṣe òfin náà. Àmọ́ níbẹ̀ náà, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín bóyá wọ́n ṣì ń ṣe é nílé wọn kí ẹ tó kanlẹ̀kùn lóru. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì Jánúárì ni ìsinmi tiyín, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo bíi ti England, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò padà, kó wo ètò ọkọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó yá, ta ló ní ìbéèrè?